Ẹni Tí Ó Tẹ̀lé Aláìsàn: Láti Àrò Dé Ọ̀jọ́

Nígbà tí Yorùbá bá ń ṣàdúrà fún ọmọ tí ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, orí ni wọ́n máa ń bẹ̀. Wọ́n á ní kí orí ọmọ náà má sùn, kí ó gbé e dé ibi tí ó ń lọ, kí ó sì gbé e padà wálé láyọ̀. Orí inú ni wọ́n ń bá wí, kì í ṣe orí tí a fi ń ru ẹrù. Ṣùgbọ́n orí òde náà kò ṣe é fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí pé òun ni ìwé ń wọ̀. Ó ti lé ní 60 ọdún tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa ti ń sọ fún àwọn oníṣègùn pé orí yìí gan-an ni ó ń yọ àwọn lẹ́nu: ó ń gbóná, nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, ohun tí wọ́n kà kò sì dúró níbẹ̀. Bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe gbọ́ ẹjọ́ yìí, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, àti ohun tí a lè rí kọ́ nínú rẹ̀ láti dènà ìdààmú ọkàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín. Abẹ́òkúta ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomáíkò ni mo ń gbé e lọ, nítorí pé mo gbà pé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ti wúlò jù lọ lónìí.

Kí á tó dé Àrò, ẹ jẹ́ kí á rántí ohun tí ó wà ṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 1907 ni ìjọba amúnisìn ṣí ilé kan fún àwọn alárùn ọpọlọ ní Yábàá. Àsáílọ̀mù ni wọ́n ń pè é. Àhámọ́ ni ó sì jẹ́. Ẹni tí wọ́n bá mú lọ síbẹ̀, wọ́n yọ ọ́ kúrò láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀ ni, kí ó má baà da ìlú láàmú. Ìyẹn ni pé ìlú ni òfin ń dáàbò bò, kì í ṣe aláìsàn. Lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pẹ̀lú, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n, a kò sì gbọdọ̀ tìtorí ìfẹ́ àṣà bo òtítọ́ yìí mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ kan wà. Aláìsàn tí ó wà lọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ kì í sábà dá wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tàbí ìyàwó rẹ̀ ni yóò bá a jókòó, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò sì máa gbọ́ ohun tí oníṣègùn ń wí.

Ìyàtọ̀ yìí ni Thomas Adéoyè Lambo rí, tí ó sì lò. Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Wọ́n bí i ní ọdún 1923. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní ilé-ìwòsàn Maudsley ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí wọ́n fi í sí ìdí ilé-ìwòsàn Àrò ní 1954, wọn kò tíì kọ́ ilé náà parí. Dípò kí ó dúró de àwọn birikilà, ó tọ àwọn ará abúlé tí ó yí Àrò ká lọ, ó sì bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé gẹ́gẹ́ bí ayálégbé. Àdéhùn kan ni ó di ètò náà mú: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ẹni kan nínú ẹbí rẹ̀, ó kéré tán, ní láti bá a wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó máa mú un lọ sí ilé-ìwòsàn ní òwúrọ̀, kí ó sì mú un padà sí abúlé ní ọ̀sán. Lambo gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú. Àwọn ará abúlé jèrè nínú ọ̀rọ̀ náà: owó ilé wọlé fún wọn, ilé-ìwòsàn sì ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí omi mímu, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ẹ̀fọn pípa. Ní ọdún 1961, àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti ibi púpọ̀ ní Áfíríkà àti láti òkè òkun pé jọ sí Abẹ́òkúta fún àpérò àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ohun tí ayé wá wò níbẹ̀ kò ju èyí lọ: pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú lè máa gbé láàrin àwọn ènìyàn, kí ìtọ́jú máa bá a níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ nínú èyí? Ó kàn án gidigidi. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń kàwé ní Bìrìtì ń pọ̀ sí i, àwọn kan nínú wọn sì ń ṣàárẹ̀ ọkàn débi pé wọ́n ń dá wọn padà wálé láìgba ìwé-ẹ̀rí. Lambo ṣe ìwádìí lórí wọn, ìjọba sì tẹ ìjábọ̀ rẹ̀ jáde ní Ìbàdàn ní 1960. Àkọlé ìjábọ̀ náà sọ pé ìṣòro àwùjọ àti ti ìlera àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ní Bìrìtì àti Áyálándì ni òun ń yẹ̀ wò. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ àwùjọ ni ó ṣáájú ọ̀rọ̀ ìlera. Ọmọ tí ilé gbogbo dáwó jọ rán lọ sí ìlú òtútù, tí kò rí yàrá háyà nítorí àwọ̀ ara rẹ̀, tí kò ní ẹni tí yóò bá sọ èdè abínibí rẹ̀ ní alẹ́, tí ó sì ń gba lẹ́tà láti ilé pé gbogbo wa ń retí rẹ, ṣé ọpọlọ rẹ̀ nìkan ni a ó máa yẹ̀ wò?

Ní ọdún 1960 yìí kan náà ni Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Àrò, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá pàdé ní ilẹ̀ wa. Ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń rò fún un. Orí ń ta wọ́n tàbí ó ń jó wọn, ojú wọn ń ṣú bí wọ́n bá ṣí ìwé, ohun tí wọ́n kà lánàá ti fò lọ kí ilẹ̀ òní tó mọ́, ó sì ń rẹ̀ wọ́n bí ẹni tí ó ro oko ní gbogbo ọjọ́. Àwọn fúnra wọn gbà pé ìwé ni wọ́n kà jù tí ọpọlọ fi rẹ̀ wọ́n, Prince sì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn, ó pe àìsàn náà ní ‘brain fag’. Nígbà tí ó wá ìdí rẹ̀, ohun méjì ni ó tọ́ka sí. Èkíní ni pé ẹ̀kọ́ tí àwọn òyìnbó gbé wá jẹ́ ohun tí ènìyàn ń dá ṣe: ìwọ nìkan ni o ó kàwé, ìwọ nìkan ni o ó jókòó sí ìdánwò, ìwọ nìkan ni o ó sì yege tàbí kí o kùnà. Èkejì ni pé owó tí a fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ti ẹnì kan. Ti ẹbí ni. Ẹni kan ṣoṣo jókòó sí ìdánwò, àgbo ilé kan dúró síta ń retí èsì.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn ènìyàn wa ti ní orúkọ fún àìsàn tí ó máa ń mú orí ènìyàn gbóná, tí yóò dà bí ẹni pé kòkòrò ń rìn níbẹ̀, tí àyà yóò máa já, tí oorun yóò sì dá lójú. Ọdẹ orí ni wọ́n ń pè é. Roger Makanjuola, oníṣègùn ọpọlọ ní Ifẹ̀, tí ó padà di gíwá yunifásítì ibẹ̀, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1987. Ó ṣàlàyé pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ni aláìsàn ń tọ́ka sí, ìrẹ̀wẹ̀sì àti ìfòyà ni ó sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyí tí èmi fi rò pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Prince kò tan ara wọn jẹ. Èdè tí wọ́n gbọ́ nílé ni wọ́n sọ. Yorùbá kì í sáré sọ pé ọkàn òun bàjẹ́. Orí ń fọ́ mi ni yóò kọ́kọ́ sọ, nítorí pé orí fífọ́ kò ní ìtìjú. Òbí tí ó bá gbọ́ ọ, tí ó sáré ra oògùn orí fífọ́, tí kò béèrè ohunkóhun mọ́, ìlẹ̀kùn ni ó gbọ́ tí wọ́n ń kàn, kò sì ṣí i.

Àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn tún gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ní 1980, Fẹ́mi Mọ́rákinyọ̀ ní Ifẹ̀ tọ́ka sí àìsùn àti àwọn ohun amóríyá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò kí wọ́n lè kàwé di ìdájí. Ní ọdún kan náà, Amechi Anumonye sọ ọ̀rọ̀ tí ó fara pẹ́ ẹ nípa àwọn ohun tí í lé oorun lọ. Ẹni tí ó bá jẹ obì tàbí tí ó mu kọfí kí ó má baà sùn, tí kò sì sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, kò sí bí orí rẹ̀ kò ṣe ní í gbóná. Òótọ́ ni èyí, ó sì ṣe pàtàkì fún ìdènà, nítorí pé oorun kò náni lówó. Ṣùgbọ́n ó ṣì ku ìbéèrè kan: kí ni ó ń lé ọmọ náà tí kò fi lè sùn?

Orúkọ tí Prince lò ti ń lọ sí ìgbàgbé báyìí. Ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń mọ àìsàn kan yàtọ̀ sí òmíràn kà á mọ́ àwọn àìsàn tí ó jẹ́ ti àṣà ìlú kan pàtó ní 1994. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà ṣe ní 2013, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àkójọ náà. Ní 2015, Oyèdèjì Ayọ̀nrìndé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè bóyá àìsàn náà kò ti fẹ́ parẹ́, wọ́n sì fi hàn pé àwọn òyìnbó fúnra wọn ti ń lo orúkọ yìí fún àárẹ̀ ọpọlọ tiwọn ní ọ̀rúndún 19, kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sọ́dọ̀ wa. Èyí tó láti pa ènìyàn lẹ́rìn-ín: ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ti aláwọ̀ dúdú nìkan ni, ẹ̀wù tí òyìnbó ti wọ̀ gbó ni. Ṣùgbọ́n bí orúkọ bá kú, ẹrù tí ó dúró fún lè má kú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òní kò sọ̀rọ̀ ‘brain fag’ mọ́. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ másùnmáwo, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìrẹ̀wẹ̀sì. Ẹrù náà ni kí á wá tọpasẹ̀ rẹ̀ dé Ọ̀jọ́.

Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, ibùsùn àti oúnjẹ wà lára ohun tí wọ́n kà sí ẹ̀kọ́. Àwọn ilé ibùgbé bíi Mellanby, Tedder àti Kuti kì í ṣe ilé oorun lásán. Wọ́n ní alábòójútó, wọ́n ní ilé oúnjẹ, wọ́n sì ní àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n mọ ẹni tí kò jáde láti àná. Mo mọ̀ pé ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ó ń jẹ ìgbádùn yìí nígbà náà, n kò sì sọ pé kí ayé padà sí ìgbà tí yunifásítì jẹ́ ti ìwọ̀nba ènìyàn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ mọ̀ pé ọmọ tí ó kúrò nílé gbọ́dọ̀ bọ́ sí ọwọ́ ẹnì kan. Ní 1978, ìjọba ológun gbé owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní 50 kọ́bọ̀ lójúmọ́ sí náírà 1 àti 50 kọ́bọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yarí káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, wọ́n ní kí Ahmadu Ali, ẹni tí ó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, kúrò nípò. Ìbọn sì dún, ó pa ènìyàn, lára wọn ni Akíntúndé Òjó, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó. Ní 1984, ìjọba ológun mìíràn fòpin sí owó ìrànwọ́ orí oúnjẹ náà pátápátá.

Àárín ọdún mẹ́fà yìí ni wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ìjọba Lateef Jákàńdè ni ó ṣòfin rẹ̀ ní 1983, wọ́n sì fi olú ọgbà rẹ̀ sí Ọ̀jọ́. Èrò rere ni. Jákàńdè fẹ́ kí ọmọ mẹ̀kúnnù lè lọ sí yunifásítì láti ilé bàbá rẹ̀, bí ó ti kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú fún àwọn òbí rẹ̀ sí Ìbà àti ibòmíràn. Nítorí náà, wọ́n ṣètò rẹ̀ bí ilé-ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kò ní í máa gbé inú ọgbà. Ilẹ̀ Àwórì ni gbogbo àgbègbè yìí, ìtàn àwọn Àwórì sì ni pé ibi tí àwo bá rì sí ni kí wọ́n tẹ̀dó sí. Àwo oúnjẹ tí ó ń léfòó níwájú akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìbàdàn ti rì kí ó tó dé Ọ̀jọ́.

Kò pẹ́ tí ó fi hàn pé kì í ṣe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni ilé bàbá rẹ̀ wà nítòsí. Ẹni tí ó ti Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú tàbí Agége wá kò lè máa lọ kí ó máa bọ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tí ó ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá kò tilẹ̀ dá a lábàá. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyànà-Ìbà di ojúde akẹ́kọ̀ọ́, tí yàrá inú ilé Ìbà, ti Ọ̀jọ́ àti ti Okokomáíkò sì di ilé ibùgbé yunifásítì láìsí pé yunifásítì kọ́ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní yóò san owó ilé, yóò san owó àgírímẹ́ǹtì, yóò san ti kọmíṣọ̀n, kí ó tó ra ìwé. Òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì tí wọ́n gbé iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ jáde ní 2009 falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí eruku rẹ̀, ẹrẹ̀ rẹ̀ àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ rẹ̀ di apá kan ẹ̀kọ́. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ní yóò gba Okokomáíkò bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2023, ṣùgbọ́n láti Marina dé Máìlì Kejì ni ó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ó di 2011, ẹrù owó pọ̀ sí i. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé owó ilé-ẹ̀kọ́ náà kúrò ní náírà 25,000 sí nǹkan bí náírà 193,750 fún àwọn kan, títí dé náírà 348,750 fún àwọn mìíràn. Iye àwọn tí ó ń wọlé dín kù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀hónú hàn, àwọn olùkọ́ bá wọn dá sí i, ní 2014 ìjọba sì dá owó náà padà sí 25,000. Ọ̀pọ̀ ka èyí sí ìtàn ìṣèlú. Èmi kà á sí ìtàn ìlera ọkàn pẹ̀lú. Nígbà tí owó ilé-ẹ̀kọ́ bá di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ tàbí ìlọ́po mẹ́rìnlá, iye àwọn tí yóò dúró síta retí èsì náà a máa pọ̀ sí i: ìyá tí ó ta ìpèsè ọjà rẹ̀, ẹ̀gbọ́n tí ó sún ìgbéyàwó rẹ̀ síwájú, àbúrò tí ó dúró sílé kí ẹlòmíràn lè lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ gbogbo èyí kò nílò ẹni tí yóò kìlọ̀ fún un kí ó kàwé. Ohun tí kò jẹ́ kí ó sùn ni ó mọ̀.

Ibi tí mo ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo dé yìí. Ẹ fi abúlé Àrò wé àdúgbò Ìbà. Méjèèjì ni onílé ti gba àlejò sílé tí ó sì ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Méjèèjì ni ilé ńlá kan wà nítòsí tí àlejò ń lọ ní òwúrọ̀ tí ó sì ń ti ibẹ̀ bọ̀ ní ọ̀sán. Ìyàtọ̀ wọn ni ẹni tí ó bá àlejò wá. Ní Àrò, ẹbí tẹ̀lé aláìsàn, wọ́n jókòó tì í, wọ́n sì rí i nígbà tí kò jẹun. Ní Ìbà, ẹbí wà lẹ́yìn odi, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́, wọ́n sì ń retí. Ẹbí tí ó tẹ̀lé ni yàtọ̀ sí ẹbí tí ó ń retí ni. Ọ̀kan ń gbé nínú ẹrù náà, èkejì ń di kún un. Prince rí ẹbí tí ó ń retí, ó pè é ní ìdí àìsàn. Lambo rí ẹbí tí ó tẹ̀lé, ó sọ ọ́ di oògùn. Àwọn méjèèjì ni ó rí òtítọ́, nítorí pé ẹbí kan náà ni.

Ẹnì kan lè sọ pé Àrò jẹ́ ibi ìwòsàn, àti pé ìdènà ni a ń sọ. Ó dára. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú ara aláìsàn yá nínú abúlé kò ṣòro láti lò kí àìsàn tó dé. Bí iná bá ti ń rú èéfín ni a ń bomi pa á. Kì í ṣe ìgbà tí ó bá jó àká. Èmi kò rí ìdí tí ilé-ẹ̀kọ́ kan, tàbí ìlú mẹ́ta tí ó yí i ká, kò fi lè rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan tí yóò mọ̀ bí kò bá jáde fún ọjọ́ méjì.

Ilé ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Òbí tí ó bá pe ọmọ rẹ̀ tí ó kọ́kọ́ béèrè èsì ìdánwò, ó ń retí ni. Èyí tí ó béèrè pé, ‘Ṣé o sùn lánàá? Kí ni o jẹ? Ta ni ẹ jọ ń kàwé?’ ó ń tẹ̀lé e láti ọ̀nà jíjìn. Kí òbí sì sọ ọ́ láti ẹnu ara rẹ̀, kí ọmọ tó jáde nílé, pé bí ìwé kan bá fò ọ́, ilé ṣì jẹ́ ilé rẹ. Yorùbá a máa sọ pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tí oko rẹ̀ kò so.

Àdúgbò ni ó tẹ̀lé e. Onílé tí ó ní akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá nínú ilé rẹ̀ ní ọmọ méjìlá nínú àgbàlá rẹ̀, bí ó fẹ́ bí ó kọ̀. Kí ó mọ orúkọ wọn, kí ó ní nọ́ńbà tẹlifóònù ẹbí wọn, kí ó sì kàn ìlẹ̀kùn tí kò ṣí. Ẹgbẹ́ àwọn onílé àti baálé àdúgbò tí ń dáwó fún ọlọ́dẹ òru lè fi èyí kún iṣẹ́ wọn láìná kọ́bọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí kún ojú ọ̀nà Àgbádárìgì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ire ńlá ni. Kìkì pé kí pásítọ̀ tàbí àáfà tí ó bá gbàdúrà fún ọmọ tí kò sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì rán an sí dókítà pẹ̀lú, kí ó má sì sọ fún un pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó. Lambo, tí ó kọ́ṣẹ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, kò ka oníṣègùn ìbílẹ̀ sí ọ̀tá. Ó yẹ kí ẹni tí ó di Bíbélì tàbí Kùránì mú lè ka dókítà sí ọ̀rẹ́.

Yunifásítì ni ó kù. Ilé-ìwòsàn inú ọgbà àti olùdámọ̀ràn dára, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó de ẹni tí ó lè rìn wá ni. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ tán kì í rìn wá. Nítorí náà ni mo fi gbà pé olùkọ́ tí wọ́n fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan sí abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ojú wọn, kí ó má jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá ń wá ìbuwọ́lùwé rẹ̀ nìkan ni ó ń rí wọn. Kí wọ́n so àwọn ọmọ tuntun mọ́ àwọn tí ó ti wà ní ọdún kẹta, kí ẹ̀kọ́ tí Prince sọ pé ó jẹ́ ti àdáṣe lè tún di ti àjọṣe. Kí wọ́n sì má lẹ ọjọ́ ìdánwò mọ́ ògiri lójijì, nítorí pé ẹni tí ó mọ ọjọ́ ló ń sùn.

Òfin ti ń bọ̀ sí ọ̀nà díẹ̀díẹ̀. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn àtijọ́ ka ẹni tí ó bá gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ sí ọ̀daràn tí ó lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Èyí tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 ní kí ilé-ẹjọ́ rán irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé-ìwòsàn. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ààrẹ bu ọwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun fún gbogbo Nàìjíríà, tí ó rọ́pò òfin tí ó ti ìgbà amúnisìn, ọdún 1916, wá, èyí tí orúkọ rẹ̀ pàápàá ń pe aláìsàn ní wèrè. Láti Yábàá ti 1907 dé ìwé yìí, ọdún 116 ni ó gbà kí òfin tó yí ojú kúrò lára ìlú, kí ó sì wo aláìsàn.

Ṣùgbọ́n òfin kì í jókòó ti ènìyàn ní alẹ́. Lambo di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn, ó di gíwá yunifásítì ibẹ̀ ní 1968, ó sì di igbákejì olùdarí àgbà fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1973. Ó kú ní 2004. Nínú gbogbo oyè wọ̀nyí, ohun tí èmi rántí rẹ̀ fún jù ni àdéhùn kékeré tí ó bá àwọn ẹbí ṣe ní Àrò, pé kí aláìsàn má ṣe dá wá. Àdéhùn yìí kò tíì dé Ìyànà-Ìbà. Lójoojúmọ́ ni àwọn ọmọ ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú báàgì kan àti ìwé ìgbaniwọlé kan, tí ìyá wọn dúró ní gárééjì ìlú wọn tí ó ń juwọ́ sí wọn. Bí a bá béèrè lọ́wọ́ wọn pé ta ni ó bá wọn wá, wọn yóò sọ pé orí wọn ni. Ó tọ́ kí á bá orí náà ṣiṣẹ́.